Bátìrì Ọkọ̀ Oníná àti Ọ̀sà Tí Ó Ń Ṣàn Kọjá ní Jamestown

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fi iná mànàmáná rìn ni ó gba ẹnu àwọn ìjọba lóde òní. Wọ́n ní kì í rú èéfín, kì í pariwo, kì í sì í mu epo. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, bí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ó ń wo ọkọ̀ náà bí ó ti ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ní ibi tí a ti bí i, ó sì ní ibi tí a ó sin ín sí, àwọn tí ń gbé ní ibi méjèèjì wọ̀nyí kì í sì í sábà jẹ́ àwọn tí ń gùn ún. Ọ̀kan nínú irú ibi ìsìnkú bẹ́ẹ̀ kò jìnnà rárá sí Jamestown, àdúgbò àwọn apẹja ní ìlú Accra, ní orílẹ̀-èdè Gánà.

Jamestown wà lára àwọn àdúgbò tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní Accra. Àwọn Gà ni onílẹ̀. Odi James, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún 1673, ṣì wà níbẹ̀, ilé ìmọ́lẹ̀ oníla pupa àti funfun tí a kọ́ ní àwọn ọdún 1930 sì ń wo òkun láti òkè. Àwọn Tabon, ìran àwọn tí ó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n sì padà dé láti Brazil ní ọdún 1836, ní ilé wọn níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá mọ Pópó Àgùdà ní ìlú Èkó kò ní pẹ́ mọ irú ìtàn tí ó wà lẹ́yìn wọn. Accra kì í sì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà àti ní Ìlọrin ni ó jẹ́ pé Gánà ni bàbá tàbí ìyá wọn ti ṣòwò là, kí àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n rí gbé.

Ẹja ni Jamestown ń jẹ, ẹja ni ó sì ń tà. Ọkùnrin a gbé ọkọ̀ onígi jáde lọ sójú òkun, obìnrin a yan ẹja, a sì gbé e lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn apẹja Gà kì í jáde. Ọjọ́ náà jẹ́ ti òkun fúnra rẹ̀, wọn a sì jókòó sí etíkun láti tún àwọ̀n ṣe. Ní ìwọ̀-oòrùn àdúgbò náà ni ọ̀sà Korle ti ń bọ́ sínú òkun. Ẹni ọ̀wọ̀ ni ọ̀sà yìí lójú àwọn Gà, wọ́n kà á sí ilé òrìṣà, ẹja sì ń bẹ nínú rẹ̀ láyé àtijọ́. Lóde òní, omi rẹ̀ ti dúdú. Odò Odaw ni ó ń wọ́ ìdọ̀tí ìlú wá sínú rẹ̀, létí odò náà ni Agbogbloshie sì wà, ibi tí orúkọ rẹ̀ ti kàn ká gbogbo ayé, tí kì í ṣe fún rere.

Fún nǹkan bí 20 ọdún, Agbogbloshie ni ojúkò àwọn tí ń tú àlòkù irin ní Accra. Ọkọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ̀rọ amómitutù, kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ni ó ń bọ̀ sábẹ́ òòlù níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti àríwá Gánà, ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n a jó wáyà kí ike ara rẹ̀ lè yọ́ dànù, kí wọn lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Ní ọdún 2013, àwọn àjọ kan tí ń ṣọ́ ọ̀ràn àyíká kà á mọ́ ibi 10 tí ó dọ̀tí jù lọ lágbàáyé. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí yẹ ẹyin adìyẹ tí ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ wò: ẹni tí ó bá jẹ ẹyin kan péré lóòjọ́ ti jẹ májèlé dioxin ní ìlọ́po 220 iye tí òfin ìlera ilẹ̀ Yúróòpù gbà láyè. Ẹyin kan ṣoṣo, bí adìyẹ ti ń yé e sẹ́yìn ilé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba wó ibùdó àwọn alálòkù irin náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Iṣẹ́ tí ó wà lójú kan tẹ́lẹ̀ túká sínú àgbàlá àti sí ẹ̀yìn ilé káàkiri ìlú, ní ibi tí ó túbọ̀ ṣòro fún aláṣẹ láti rí i. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé a wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iná tí wọ́n ń dá lójútáyé ti di iná tí wọ́n ń dá lẹ́bàá ibi tí ọmọ ń sùn.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tú, bátìrì ni ó yẹ kí ìjíròrò yìí dá dúró lé lórí. Èyí tí ó pọ̀ níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí ni bátìrì mọ́tò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tí òjé àti omi ásíìdì wà nínú rẹ̀. Bátìrì bẹ́ẹ̀ kan lè wúwo tó kìlógíráàmù 15, ohun tí ó ju ìdajì ìwúwo náà lọ ni ó sì jẹ́ òjé. Òjé ní owó lórí. Nítorí náà kì í sí bátìrì olójé tí ó sọnù sí ààtàn; ẹnìkan yóò wá a kàn. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá rà á, a ó fi ẹ̀rọ fọ́ ọ nínú ilé tí a sé, a ó gba ásíìdì rẹ̀ sínú àgbá, a ó sì fi aṣẹ́ mú èéfín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju àdá tàbí àáké lọ, ilẹ̀ ni ásíìdì yóò dà sí, inú ìkòkò orí iná ni òjé yóò ti yọ́, èéfín rẹ̀ yóò sì bá atẹ́gùn lọ sórí aṣọ tí a sá àti sórí oúnjẹ tí a ń tà lẹ́bàá ọ̀nà.

Òjé kì í pa ènìyàn bí ejò. Ó máa ń wọ ara díẹ̀díẹ̀, a sì sá pamọ́ sínú egungun, nítorí ara kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èròjà tí egungun ń lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Àgbàlagbà tí ó bá mu ún sínú a máa ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín. Ọmọdé ni ó ń bá jà jù. Ọpọlọ ọmọ ni ó ń kọlù, ọmọ tí ó yẹ kí ó mòye a di ẹni tí kì í lè jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́, olùkọ́ a nà án, òbí a bú u pé olódo ni, kò sì sí ẹni tí yóò ronú kan bátìrì tí wọ́n fọ́ lójúlé kejì.

Ohun tí òjé inú bátìrì lè ṣe ti hàn gbangba ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Thiaroye-sur-Mer, àdúgbò àwọn apẹja bíi Jamestown lẹ́bàá ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ènìyàn ti ń tú bátìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí owó òjé gòkè, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí wa iyanrìn tí ó kún fún èérún òjé, wọ́n sì ń kù ú nílé. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú.  Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àbúrò àti àwọn ìyá tí ó kù wò, òjé ni wọ́n bá níbẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó bani lẹ́rù.

Ẹni tí ó bá ní Sẹ̀nẹ̀gà jìnnà, Ògìjò kò jìnnà. Ìlú náà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní bèbè Ìkòròdú, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé inú bátìrì sì pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn oníròyìn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò. Nínú ènìyàn 10, 7 ni òjé ara wọn ti pọ̀ dé ibi tí ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Òkè òkun ni òjé tí wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ sì ń lọ, láti tún di bátìrì fún ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní Ògìjò àti ní Accra, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà: ẹnìkan ni ó ń da eérú, ẹlòmíràn ni ó ń tọ̀.

Ìbéèrè tí olùgbọ́ lè bi nìyí: kí ni bátìrì olójé kan ọkọ̀ oníná? Ó kàn án ní ọ̀nà méjì. Èkínní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ṣì ń gbé bátìrì olójé kékeré kan sínú, tí ń tan iná iwájú, tí ń ṣí ilẹ̀kùn, tí ó sì ń jí ẹ̀rọ ọkọ̀ kí bátìrì ńlá tó gba iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníná olówó pọ́ọ́kú sì wà ní Éṣíà tí ó jẹ́ pé òjé nìkan ni ó ń wà wọ́n. Èkejì ni ó wúwo jù. Ọwọ́ tí ń fọ́ bátìrì olójé lónìí ni ọwọ́ tí bátìrì líthíọ́mù yóò bọ́ sí lọ́la, èyí kò sì gba àáké.

Bátìrì tí ń wa ọkọ̀ oníná lè wúwo tó kìlógíráàmù 300, ó sì lè tó 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹrù tí ènìyàn kan ń gbé rù. Agbára iná inú rẹ̀ ju ti inú ògiri ilé wa lọ fíìfíì, ó sì lè pa ẹni tí ó bá fi irin gún un. Bí a bá lu ú tàbí tí a gún un, ó lè gbiná láti inú wá, iná náà a sì tún lè rú padà lẹ́yìn tí panápaná bá ti rò pé àwọn ti pa á. Gáàsì tí ń jáde lára rẹ̀ ń jó ojú, ó sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ní ìlú òyìnbó, ẹni tí yóò tú u a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà nínípọn, a sì ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí ènìyàn fojú inú wo ọmọ ọdún 17 tí ó wọ sálúbàtà, tí òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Báwo ni bátìrì náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí? Tòkunbọ̀ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ a sábà máa fọwọ́ sọ̀yà fún bátìrì ọkọ̀ oníná fún ọdún 8. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà ní tuntun ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà a lò ó fún ọdún díẹ̀, a tà á; ẹnìkejì a lò ó, òun náà a tà á. Nígbà tí bátìrì bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀, tí kò lè lọ jìnnà mọ́ kí ó tó béèrè iná, ni oníṣòwò yóò gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí èbúté Tema tàbí sí Kútọnu tàbí sí Àpápá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ ní ojú òfin: ọkọ̀ tí ń rìn kì í ṣe ìdọ̀tí. Báyìí ni ìlú tí kò jẹ àǹfààní ọdún tí bátìrì náà lágbára ṣe ń di ìlú tí yóò sin òkú rẹ̀. Ìjọba Gánà tilẹ̀ kéde pé, láti ọdún 2024, ọkọ̀ oníná tí a bá kó wọlé fún ìrìnnà èrò kò ní san owó ibodè fún ọdún 8. Èrò náà dára. Bí ó ti wù kí ó dára tó, ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò yẹ kí ó ti mọ ibi tí àlejò yóò sùn sí.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí ibi tí a ti ń bí bátìrì. Kóbọ́lítì ni ohun tí ọ̀pọ̀ bátìrì alágbára ń lò kí iná wọn lè pẹ́. Ohun tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta kóbọ́lítì tí a ń wà lágbàáyé ni ó ń jáde láti ilẹ̀ Kóńgò, ní agbègbè Kolwezi àti Lubumbashi. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó ń wa èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, títí kan àwọn ọmọdé, ni ó ń fi ọwọ́ wa tiwọn nínú ihò tí ó lè ya lé wọn lórí. Ní ọdún 2020, àwọn oníṣègùn tí ó ṣe ìwádìí ní Lubumbashi gbé e jáde pé, àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà ni a máa ń bí pẹ̀lú àbùkù ara jù àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. A kò bí ọmọ yìí nígbà tí bàbá rẹ̀ gba owó iṣẹ́, síbẹ̀ òun ni ó san nínú rẹ̀.

Líthíọ́mù ńkọ́? Ní aṣálẹ̀ Atacama ní ilẹ̀ Chile, omi iyọ̀ ni wọ́n ń fà láti abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń sá sínú oòrùn títí tí yóò fi gbẹ, ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá, tí àwọn onílẹ̀ sì ń kígbe nítorí omi. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ènìyàn lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Ewoyaa, ní Àárín Gbùngbùn Gánà, tí kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà sí Accra, òkúta líthíọ́mù tí ó lé ní mílíọ̀nù 36 tọ́ọ̀nù ni a ti wọ̀n sábẹ́ ilẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba fún ilé-iṣẹ́ kan ní ìwé àṣẹ ọdún 15 láti wa á, pẹ̀lú owó ìṣákọ́lẹ̀ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àti ìpín ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni owó líthíọ́mù wó lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ọdún 2024 sì parí láì jẹ́ pé ilé aṣòfin ti fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí òfin Gánà ti ní kí wọn ṣe.

Ohun kan wà nípa òkúta Ewoyaa tí a kì í sábà gbọ́. Nínú 100 kìlógíráàmù òkúta náà, kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ péré ni líthíọ́mù pẹ̀lú atẹ́gùn tí ó so mọ́ ọn. Èyí tí ó kù, a ó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó sì kó o jọ bí òkìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé. Ilẹ̀ kẹ́ṣẹ́, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí àpèjúwe ọkọ̀ oníná tí ẹ̀yin olùgbọ́ lè rí nínú ìwé ìròyìn tí òkìtì yìí wà nínú àwòrán rẹ̀. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ní Nasarawa àti ní Òkè-Ògùn, àwọn awakùsà tí kò ní ìwé ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá líthíọ́mù kiri, ní Nasarawa, wọ́n sì ti rí ọmọdé tí ó yẹ kí ó wà nílé-ìwé tí ó ń ṣa òkúta.

Kì í ṣe pé kí a wá sọ pé epo bẹntiróò sàn jù. Kò sàn. Òjé yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní gbogbo ayé, tí èéfín rẹ̀ sì ń wọ imú àwọn ọmọ ní ìlú ńláńlá. Ọdún 2021 ni Algeria, tí ó gbẹ̀yìn gbogbo orílẹ̀-èdè, tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn apẹja Jamestown fúnra wọn wà lára àwọn tí ayé tí ń gbóná ń yọ lẹ́nu jù, nítorí òkun ń jẹ etíkun Gánà, ẹja sì ń dínkù. Bí a bá ṣírò gbogbo èéfín tí a rú láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí wa òkúta títí dé ìgbà tí ọkọ̀ kú, ọkọ̀ oníná tuntun a máa jẹ gbèsè ju ọkọ̀ elépo lọ ní ọjọ́ tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́, nítorí bátìrì rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn lọ́dọọdún ni ó ń san gbèsè náà, tí ó sì ń rí èrè nígbẹ̀yìn. Bí kíákíá tí yóò fi san án ti rí wà lọ́wọ́ iná tí ó ń mu. Iná Gánà, omi Akosombo ni ó ń pèsè díẹ̀ nínú rẹ̀, gáàsì ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù.

Akosombo yìí gan-an yẹ ní rírántí. Nígbà tí Ààrẹ Nkrumah ṣí ìsédò náà ní oṣù kìíní ọdún 1966, iná mímọ́ ni gbogbo ènìyàn pè é, iná mímọ́ ni ó sì jẹ́. Àmọ́ nǹkan bí ènìyàn 80,000 ni omi lé kúrò ní abúlé tí ó lé ní 700, àìsàn àtọ̀sí-ajá sì gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń gbé létí adágún tuntun náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí wọ́n tú omi jáde nítorí pé ìsédò ti kún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Mepe àti àwọn ìlú ìsàlẹ̀ odò ni ilé wọn tún kún fún omi. Kò sí ẹni tí ó bọ́gbọ́n mu tí yóò ní kí wọn wó ìsédò náà. Ohun tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń béèrè ni pé, nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó iná, kí ni ó dé tí wọn kò ka àwọn mọ́ ọn.

Ọgbọ́n tuntun kan ti wà tí ó yẹ ní dídánu sí. Àwọn ará Ṣáínà ti sọ irú bátìrì kan di gbajúmọ̀ tí kò ní kóbọ́lítì rárá, irin àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Owó rẹ̀ kò wọ́n, kì í sì í tètè gbiná bí èyí àkọ́kọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún àwọn ọmọ Kolwezi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nígbà tí ó dé Accra. Kóbọ́lítì ni ohun olówó iyebíye inú bátìrì. Nígbà tí kò bá sí i, kò sí ohun tí yóò mú kí alálòkù irin fẹ́ láti tú u, tàbí kí ilé-iṣẹ́ san owó gidi láti rà á. Òjé ń pa ènìyàn nítorí pé ó níye lórí. Bátìrì tuntun yìí lè di ìdọ̀tí nítorí pé kò níye lórí, kí a sì máa bá a ní bèbè Odaw, tí òjò ń pa á, tí kò sí ẹni tí yóò yà á kúrò níbẹ̀.

Gánà kò jókòó láìṣe nǹkan. Ní ọdún 2016, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin 917, tí ó de kíkó ìdọ̀tí eléwu àti ti ẹ̀rọ wọlé, tí ó sì gbé owó kan lé ẹni tí ó bá ń kó ẹ̀rọ iná wọ̀lú, kí a lè fi owó náà tọ́jú ohun tí ẹ̀rọ yóò dà nígbà tí ó bá bàjẹ́. Kí ilẹ̀ Áfíríkà tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ojú ti rí tó. Àwọn tí ó dàgbà nínú àwọn olùgbọ́ kò ní gbàgbé Kókó, èbúté kékeré tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, níbi tí wọ́n ti rí àwọn àgbá májèlé tí a kó wá láti Ítálì ní ọdún 1988. Àgbàlá ọkùnrin kan ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún un lóṣooṣù, láì sọ ohun tí ó wà nínú àgbá fún un. Àdéhùn Basel ti wà láti ọdún 1989, àtúnṣe rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025 sì sọ pé ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná yòówù kó jẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láì gba ìyọ̀ǹda ìlú tí ó ń lọ. Ìgbésẹ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n òfin ìdọ̀tí kò mú ọkọ̀ tòkunbọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè, àfi ìgbà tí kò bá lè rìn mọ́, nígbà náà ó sì ti wà ní Accra.

Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń dámọ̀ràn kò le. Kí ẹni tí ó kó ọkọ̀ oníná wọlé fi owó kan sílẹ̀ lórí bátìrì rẹ̀, bí ẹni tí ń ra ọtí tí ń fi owó ìgò sílẹ̀, kí a sì dá owó náà padà fún ẹni yòówù tí ó bá gbé òkú bátìrì wá sí ibi tí ó yẹ. Nígbà náà ni ọmọ tí ń ṣa irin kiri yóò rí owó tí ó ju ti òjé yíyọ́ lọ nínú gbígbé bátìrì lọ ní odidi. A kì í fi òfin nìkan lé ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ọ. Owó tí ó dára jù ni a fi ń lé e. Àwọn ará Jámánì bá Gánà ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́ àti ilé ìtọ́jú aláìsàn kan ní Agbogbloshie ní ọdún 2019, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ bí a ti ń bó wáyà láìjó o. Ó wúlò. Síbẹ̀ ẹni tí ó bó wáyà a máa pẹ́ lórí iṣẹ́ náà ju ẹni tí ó jó o lọ.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin bátìrì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 2023. Láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì ọkọ̀ oníná yòówù tí a bá gbé wá sọ́jà wọn gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, tí yóò sọ ibi tí èròjà inú rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ó bá sì di ọdún 2031, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún líthíọ́mù inú òkú bátìrì ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí gbà padà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe bátìrì ni òfin ní kí ó gbé ẹrù owó náà. Bí ó bá jẹ́ pé ní Berlin ni bátìrì náà kú sí, gbogbo rẹ̀ yóò lọ bí a ti ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ náà bá wọ inú ọkọ̀ ojú omi ní Antwerp, kò sí òfin tí ó ní kí owó ìsìnkú náà bá a wọlé. Owó náà kù sí Yúróòpù. Bátìrì nìkan ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Tema.